Ọ̀nà Kan Ṣoṣo Tí Ó Wọ Ọjà: Ìtàn Ìdánwò Ọba ní Ilẹ̀ Ṣáínà

Àwọn baba wa a máa wí pé ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Òtítọ́ ni ọ̀rọ̀ náà ní ilẹ̀ wa, nítorí ẹni tí kò rí ọ̀nà gbà nídìí oko lè rí i nídìí òwò, ẹni tí kò sì ṣe oríire nínú òwò lè kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ kí ó di ẹni àpọ́nlé. Ṣùgbọ́n orílẹ̀-èdè ńlá kan wà ní ìhà ìlà-oòrùn ayé, níbi tí ó jẹ́ pé fún 1,300 ọdún, ọ̀nà kan ṣoṣo ni gbogbo ènìyàn kà sí ọ̀nà ọlá tòótọ́. Ìwé kíkà ni ọ̀nà náà, ìdánwò sì ni ibodè rẹ̀. Ilẹ̀ Ṣáínà ni mo ń wí. Mo fẹ́ kí a wo bí a ṣe la ọ̀nà yìí, irú àwọn tí ó gba ibẹ̀ kọjá, àti ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí àwọn tí a ti ibodè náà mọ́ lójú. Nítorí ọ̀kan nínú àwọn wọ̀nyí, lẹ́yìn tí ó ka ìwé ìwàásù kékeré kan, mi gbogbo ilẹ̀ náà títí.

Ní ìgbà láéláé, bí a ti ń jẹ oyè ní ibòmíràn náà ni a ń jẹ ẹ́ ní Ṣáínà. Àwọn ìdílé ńlá ni ó ń pín iṣẹ́ ọba láàrin ara wọn. Lóòótọ́, láti ìgbà ìjọba Han, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí igba ọdún kí a tó bí Olúwa wa, ni àwọn ọba ti ń pàṣẹ fún àwọn aṣojú wọn ní àwọn ẹkùn pé kí wọ́n yan àwọn ọlọ́gbọ́n àti olótìítọ́ ránṣẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí aṣojú ọba mọ̀ ni yóò yàn, ẹni tí ó sì mọ̀ náà ni ọmọ ọlọ́lá. Nígbà tí àwọn ọba ìdílé Sui tún ilẹ̀ náà sọ di ọ̀kan ní ọdún 589, lẹ́yìn ìpínyà ọjọ́ pípẹ́, wọ́n rí i pé ọba tí ó bá gbé ara lé irú àwọn ìdílé bẹ́ẹ̀ kò ní agbára kan tí wọn kò lè gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Nítorí náà ni wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ sí fi ìdánwò yan ìjòyè. Nǹkan bí ọdún 605 ni ọ̀pọ̀ òpìtàn sì kà sí ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ẹ kíyèsí i pé kì í ṣe ìfẹ́ tálákà ni ó bí ètò yìí, bí kò ṣe ìbẹ̀rù ọlọ́lá.

Ìjọba Tang (618–907) gbà á lọ́wọ́ ìjọba Sui, ó sì mú un gbòòrò. Obìnrin kan ṣoṣo tí ó tíì jókòó lórí ìtẹ́ Ṣáínà ní orúkọ ara rẹ̀, èyí ni Wu Zetian, ẹni tí ó jọba láti ọdún 690 títí di 705, ti ètò náà lẹ́yìn gidigidi. Òun ni ó sì dá ìdánwò àwọn jagunjagun sílẹ̀ ní ọdún 702. Síbẹ̀, a kò gba obìnrin kankan láyè láti ṣe ìdánwò ọba, àní títí ètò náà fi dópin.

Ìgbà ìjọba Song (960–1279) ni a rí ìsapá tí ó yà mí lẹ́nu jù lọ láti mú kí ìdájọ́ ìdánwò jẹ́ òdodo. Wọ́n ń lẹ ìwé bo orúkọ akẹ́kọ̀ọ́ lórí ìdáhùn rẹ̀, kí olùyẹ̀wò má baà mọ ẹni tí ó ni ín. Ṣùgbọ́n a lè dá ènìyàn mọ̀ nípa ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀ pẹ̀lú. Nítorí náà wọ́n yan ọ̀pọ̀lọpọ̀ akọ̀wé tí iṣẹ́ wọn kò ju pé kí wọ́n tún gbogbo ìdáhùn kọ, kí ó lè jẹ́ pé ẹ̀dà nìkan ni olùyẹ̀wò yóò rí. Ní ìgbà ìkẹyìn, tàdáwà dúdú ni akẹ́kọ̀ọ́ fi ń kọ tirẹ̀, tàdáwà pupa ni akọ̀wé fi ń dà á kọ, àwọn ẹlòmíràn á sì fi pupa wé dúdú bóyá akọ̀wé ti ṣì í kọ níbì kan. Ẹni tí a bá ti gbé ìwé ìdánwò àwọn ọmọ ilé-ìwé lé lọ́wọ́ rí, tí ó sì rí orúkọ ọmọ ọ̀rẹ́ rẹ̀ láàrin wọn, yóò mọ̀ pé èyí kì í ṣe nǹkan kékeré.

Ǹjẹ́ ọmọ ẹni tí kò lórúkọ ha rí ọ̀nà gbà bí? Ìwé orúkọ méjì àwọn tí ó yege nínú ìdánwò gíga jù lọ ní ìgbà Song wà ní ìpamọ́ títí di òní, ti ọdún 1148 àti ti ọdún 1256. Wọn kò ṣègbé pẹ̀lú àwọn yòókù, nítorí pé orúkọ ènìyàn ńlá kan wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn: Zhu Xi olùkọ́ nínú ti ìṣáájú, àti Wen Tianxiang nínú ti ìkejì, ẹni tí ó gba ipò kìíní, tí a sì pa ní ọdún 1283 nítorí tí ó kọ̀ láti sin àwọn Mongol. Nínú ìwé wọ̀nyí ni a kọ orúkọ baba, baba ńlá, àti baba baba ńlá olúkúlùkù sí, àti oyè tí wọ́n jẹ bí wọ́n bá jẹ ẹ́. Ó ju ìdajì lọ nínú àwọn tí a lè mọ ìdílé wọn, tí kò ní ìjòyè kankan nínú àwọn baba mẹ́ta yìí. Àwọn òpìtàn kan fèsì pé ẹni tí kò ní baba tí ó jẹ́ ìjòyè lè ní arákùnrin baba tàbí àna tí ó jẹ́ bẹ́ẹ̀, mo sì gbà pé ọ̀rọ̀ wọn ní ìwọ̀n. Nítorí ẹni tí yóò jókòó ti ìwé fún ogún ọdún kò lè jẹ́ ẹni tí oúnjẹ ọ̀la rẹ̀ wà lẹ́nu ọkọ́.

Síbẹ̀ àwọn kan wà tí ó ti inú òṣì jáde ní tòótọ́. A bí Fan Zhongyan ní ọdún 989; baba rẹ̀ kú kí ó tó mọ̀ ọ́n, ìyá rẹ̀ sì fẹ́ ọkọ mìíràn. Ìtàn sọ pé nígbà tí ó ń kàwé nínú tẹ́ḿpìlì kan, a máa se ògì ìrẹsì sínú ìkòkò ní alẹ́. Nígbà tí ó bá dì ní òwúrọ̀, gẹ́gẹ́ bí ẹ̀kọ wa ti í dì, á gé e sí mẹ́rin, á jẹ méjì ní àárọ̀ àti méjì ní ìrọ̀lẹ́ pẹ̀lú ewébẹ̀ oníyọ̀ díẹ̀. Ó yege ní ọdún 1015, ó sì di ọ̀kan nínú àwọn olórí ìjòyè ọba. Nígbà tí ó dàgbà, ó ya ilẹ̀ oko sọ́tọ̀ fún gbogbo ìdílé rẹ̀, kí a lè máa fi èrè ibẹ̀ bọ́ àwọn aláìní wọn. Lẹ́yìn rẹ̀ ni a sì fi owó ọ̀nà fún àwọn ọmọ ìdílé tí ń lọ sí ìdánwò kún un. Oko náà wà bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún, àwọn ìdílé mìíràn sì fi ṣe àwòkọ́ṣe.

Kí ni a ń kà? Ìwé Mẹ́rin àti Ìwé Márùn-ún ti àwọn ọlọ́gbọ́n àtijọ́ ni, Confucius sì ni olórí àwọn ọlọ́gbọ́n náà. Bí a bá ka àmì ìkọ̀wé inú gbogbo wọn, ó lé ní 400,000, akẹ́kọ̀ọ́ sì gbọ́dọ̀ mọ èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn sórí láti ìgbà èwe rẹ̀. Ní ọdún 1313, nígbà tí àwọn Mongol ń jọba, ni a pàṣẹ pé àlàyé Zhu Xi lórí Ìwé Mẹ́rin ni kí a fi ṣe òṣùwọ̀n ìdáhùn. Ohun ìyanu ni èyí. Zhu Xi tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan, tí òun tìkára rẹ̀ kò yege ní ipò gíga, tí ó máa ń bá àwọn tí ń kàwé nítorí ìdánwò nìkan wí, tí ìjọba sì ti dẹ́bi fún ẹ̀kọ́ rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹ̀kọ́ èké nígbà tí ó kú ní ọdún 1200, òun ni ó wá di ẹni tí gbogbo ọmọ ilé-ìwé Ṣáínà gbọ́dọ̀ bá fohùn ṣọ̀kan fún ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 600 ọdún.

Ní ìgbà ìjọba Ming àti Qing, èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1368, ìpele mẹ́ta ni ìdánwò ní. Ẹni tí ó bá yege ní àgbègbè rẹ̀ ni a ń pè ní xiucai. A kò lè nà án ní gbangba bí ẹni lásán, ṣùgbọ́n kò tíì rí iṣẹ́ ọba gbà. Ẹni tí ó bá yege ní olú-ìlú ẹkùn ni juren. Ẹni tí ó bá yege ní Beijing, tí ó sì dé iwájú ọba fúnra rẹ̀, ni jinshi. Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ ní ìpele kejì, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti lo ọjọ́ ayé wọn tán.

Ẹ̀ẹ̀kan ní ọdún mẹ́ta ni a ń ṣe é, ní oṣù kẹjọ ọdún àwọn ará Ṣáínà. Gbọ̀ngàn ìdánwò tí ó wà ní Nanjing ní yàrá kéékèèké tí ó lé ní 20,000, tí a tò ní ìlà ìlà bí afárá oyin. Yàrá kọ̀ọ̀kan kò ní ilẹ̀kùn. Ògiri mẹ́ta ni ó ní, àti òrùlé, àti pákó méjì. Ní ọ̀sán, pákó òkè á di tábìlì, ti ìsàlẹ̀ á di ìjókòó. Ní òru a ó tò wọ́n pọ̀ di ibùsùn tí ẹni gíga kò lè na ẹsẹ̀ lórí rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ fúnra rẹ̀ ni ó ń gbé oúnjẹ wá, àti ìkòkò, àti àbẹ́là, àti aṣọ ìbora. Ní ẹnu ọ̀nà, àwọn ẹ̀ṣọ́ á tú àpò rẹ̀ wò, wọ́n á tú aṣọ rẹ̀ wò, wọn a tilẹ̀ máa bẹ́ àkàrà rẹ̀ sí méjì bóyá ó fi ìwé pamọ́ sínú rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọn ń wọlé, ní ìgbà kọ̀ọ̀kan wọn á sun oorun alẹ́ méjì nínú ihò yìí. Nígbà tí a bá ti ti ìlẹ̀kùn ńlá, kò sí ohun tí a lè torí rẹ̀ ṣí i kí àkókò tó pé. Bí ẹnìkan bá kú nínú ibẹ̀, ẹní ni a ó fi wé òkú rẹ̀, a ó sì gbé e gba orí odi sí ìta.

Ẹ̀yin yóò bi mí pé ǹjẹ́ wọn kò ha ń jí ìwé wò bí? Wọ́n ń jí i wò. Ẹ̀wù àwọ̀tẹ́lẹ̀ tí a kọ ìwé àwọn àgbà sí láti òkè dé ìsàlẹ̀, ní àmì wínníwínní bí ẹsẹ̀ èèrà, ṣì wà níbi ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí. Ṣùgbọ́n ìyà rẹ̀ kì í ṣe ti ṣeréṣeré. Nígbà tí a rí ìwà àbòsí nínú ìdánwò Beijing ní ọdún 1858, orí Bo Jun tí í ṣe olórí olùyẹ̀wò, ọ̀kan nínú àwọn ìjòyè tí ó ga jù lọ ní gbogbo ilẹ̀ náà, ni a bẹ́ ní ọdún tí ó tẹ̀lé e.

Ní tèmi, kì í ṣe olè ìwé ni ó ba ètò náà jẹ́. Ohun méjì ni. Èkíní ni pé a sọ ìdáhùn di àwòṣe kan ṣoṣo. Láti ìgbà Ming ni a ti ń béèrè àròkọ tí wọ́n ń pè ní ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́jọ: apá kọ̀ọ̀kan ní ibi tí ó gbọ́dọ̀ wà, gbólóhùn gbọ́dọ̀ bá ìkejì rẹ̀ dọ́gba bí ẹsẹ̀ méjì ṣòkòtò, akẹ́kọ̀ọ́ sì gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ẹnu àwọn àgbà àtijọ́ ni ó fi ń sọ ọ́. Ìṣirò, ẹ̀kọ́ nípa ilẹ̀ ayé, iṣẹ́ ọkọ̀ àti ti irin, kò sí ẹni tí ó di ìjòyè nípa mímọ̀ wọ́n. Èkejì sì ni pé ibodè kò fẹ̀ sí i nígbà tí èrò ń pọ̀. Ní ọdún 1700, àwọn ará Ṣáínà tó nǹkan bí mílíọ̀nù 150. Ní ọdún 1850 wọ́n ti lé ní mílíọ̀nù 400. Ṣùgbọ́n ọba ni ó ń fi iye tí yóò yege lélẹ̀ fún ẹkùn kọ̀ọ̀kan, iye náà kò sì fi bẹ́ẹ̀ kúrò níbi tí ó wà. Nínú ọgọ́rùn-ún ènìyàn tí ó jókòó nínú àwọn yàrá wọ̀nyí, ìgbà púpọ̀ ni kò ju ẹyọ kan tàbí méjì lọ tí ó yege. Pẹ̀lú gbogbo èyí, nígbà tí owó bá tán lápò ìjọba, wọn a máa ta oyè kan nínú àwọn oyè ìsàlẹ̀ fún olówó.

Àwọn tí ó kù ńkọ́? Púpọ̀ nínú wọn di olùkọ́ ọmọdé, òǹkọ̀wé lẹ́tà fún àwọn ará ọjà, tàbí oníṣègùn. Pu Songling, tí a bí ní ọdún 1640, gba ipò kìíní ní ìpele àkọ́kọ́ nígbà tí ó wà ní ọ̀dọ́, ní ọdún 1658. Láti ìgbà náà ó lọ sí ìpele kejì títí irun rẹ̀ fi funfun, kò sì yege. Ó ń kọ́ àwọn ọmọ ìdílé ọlọ́rọ̀ kan ní ìwé, ní òru a sì máa kọ ìtàn iwin àti ti kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ tí ń pa ara dà di obìnrin. Àwọn ìtàn náà ni gbogbo ayé fi mọ̀ ọ́n lónìí, nígbà tí a ti gbàgbé orúkọ àwọn tí ó fìdí rẹ̀ jálẹ̀.

Nísinsìnyí mo dé ibi tí ọ̀rọ̀ ti kan àwa tí ń ka ìwé ìjọ. A bí Liang Fa ní ọdún 1789. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa gbẹ́ àmì ìkọ̀wé sára pákó ìtẹ̀wé. Nípa iṣẹ́ yìí ni ó ti pàdé William Milne, míṣọ́nnárì, ó bá a lọ sí Malacca, a sì ṣe ìrìbọmi fún un níbẹ̀ ní ọdún 1816. Ní ọdún 1832 ó tẹ ìwé ìwàásù kan jáde ní apá mẹ́sàn-án, tí a lè pe orúkọ rẹ̀ ní Ọ̀rọ̀ Rere láti Gba Ayé Níyànjú. Liang mọ ibi tí àwọn tí ó mọ ìwé ń pé jọ sí: ibi ìdánwò ní Guangzhou ni ó ti ń pín in.

Ní nǹkan bí ọdún 1836, a fi ìwé yìí lé ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó wá ṣe ìdánwò lọ́wọ́. Hong Xiuquan ni orúkọ rẹ̀, ọmọ àgbẹ̀ láti inú ẹ̀yà Hakka, ẹni tí àwọn ẹbí rẹ̀ ti na ìdí àpò wọn lé lórí kí ó lè kàwé. Ó wo ojú ìwé náà, ó sì gbé e jù sínú àpótí. Ní ọdún 1837 ìdánwò tún gbé e ṣubú, gbígbé ni a gbé e dé ilé, àìsàn sì dá a dùbúlẹ̀ fún nǹkan bí ogójì ọjọ́. Nínú àìsàn náà ni ó ti rí ìran baba arúgbó kan tí irùngbọ̀n rẹ̀ dàbí wúrà, tí ó fi idà lé e lọ́wọ́. Ní ọdún 1843 ó kùnà ní ìgbà kẹrin, àní ní ìpele àkọ́kọ́ náà. Ìgbà yìí ni ó tó mú ìwé Liang jáde, tí ó kà á, tí ó sì rò pé òun ti rí ìtumọ̀ ìran òun: Ọlọ́run ni arúgbó náà, òun Hong sì ni àbúrò Jésù. Ní ọdún 1847 ó lo bí oṣù méjì lọ́dọ̀ Issachar Roberts, míṣọ́nnárì Baptist láti Amẹ́ríkà, ṣùgbọ́n ó kúrò níbẹ̀ láìṣe ìrìbọmi.

Ní oṣù kìíní ọdún 1851 ó kéde ìjọba tirẹ̀, Taiping, èyí tí í ṣe Àlàáfíà Ńlá. Ní oṣù kẹta ọdún 1853 ó gba Nanjing, ó sì fi ṣe olú-ìlú. Ogun tí ó tẹ̀lé e kò dáwọ́ dúró títí di ọdún 1864, ó kéré tán mílíọ̀nù 20 ènìyàn ni ọ̀pọ̀ òpìtàn sì fojú bù pé ó bá a lọ, nípa idà, nípa ìyàn, àti nípa àrùn. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ di ẹ̀bi èyí ru Liang Fa, èmi kò lè bá a lọ́wọ́ sí i. Bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ìdánwò nìkan ni ó fà á, nítorí ebi wà ní gúúsù ilẹ̀ náà, ìjà Hakka àti àwọn aládùúgbò wọn wà, ogun opíómù pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì sì ti dójú ti ìjọba ní ọdún 1839 sí 1842. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó mọ ìwé, tí a ti ilẹ̀kùn mọ́ ní ìgbà mẹ́rin, tí kò sì sí ọ̀nà mìíràn fún un, ni ó fi iná sí koríko gbígbẹ náà.

Ìṣe Hong nígbà tí ó jókòó ní Nanjing ni ó wà lọ́kàn mi jù lọ. Ó gbé ìdánwò kalẹ̀! Bíbélì àti ìwé tí òun fúnra rẹ̀ kọ ni a ń fi ṣe é dípò ìwé Confucius. Zeng Guofan ni olórí àwọn tí ó ṣẹ́gun rẹ̀, òun pẹ̀lú sì jẹ́ ẹni tí ó ti kùnà léraléra kí ó tó yege ìpele àkọ́kọ́, tí ó wá di jinshi ní ọdún 1838. Ní oṣù keje ọdún 1864 ni ọmọ-ogun rẹ̀ wọ Nanjing. Ìlú ti di eérú, òkú sì kún ìgboro. Ọ̀kan nínú iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí Zeng ṣe ni pé ó tún gbọ̀ngàn ìdánwò náà kọ́, ọdún náà kò sì parí kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó tún jókòó nínú àwọn yàrá kéékèèké wọ̀nyí.

Japan ni ó la ojú ìjọba nígbà tí ó ṣẹ́gun Ṣáínà ní ọdún 1895. Ọdún 1904 ni a ṣe ìdánwò ìkẹyìn níwájú ọba, Liu Chunlin sì ni ẹni ìkẹyìn tí ó gba ipò kìíní. Ní ọjọ́ kejì oṣù kẹsàn-án ọdún 1905 ni àṣẹ jáde pé kí a pa ètò náà rẹ́, kí ilé-ìwé ìgbàlódé gba ipò rẹ̀. Kò pé ọdún méje lẹ́yìn náà tí ìtẹ́ ọba fúnra rẹ̀ fi wó. Ní Nanjing, a wó èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn yàrá náà. Ilé ìṣọ́ àárín wọn ṣì dúró, a sì ti sọ ibẹ̀ di ibi ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí. Ṣáínà kò sì yàgò fún ìdánwò: láti ọdún 1952 ni ìdánwò àwọn tí yóò wọ yunifásítì ti wà, àfi nígbà tí a dá a dúró láti 1966 títí di 1977, àwọn tí ń ṣe é lọ́dọọdún nísinsìnyí sì lé ní mílíọ̀nù 10. Àwọn ọmọbìnrin wà láàrin wọn.

Ní ẹkùn Shanxi, olùkọ́ kan wà tí ń jẹ́ Liu Dapeng, tí a bí ní ọdún 1857. Ó di juren ní ọdún 1894, ó lọ sí Beijing láti wá oyè jinshi, kò sì rí i. Nígbà tí ìròyìn ọdún 1905 dé etí rẹ̀, ó kọ ọ́ sínú ìwé ìrántí rẹ̀ pẹ̀lú ìbànújẹ́ ńlá, kì í ṣe nítorí ara rẹ̀ nìkan, ṣùgbọ́n nítorí àwọn olùkọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ tí kò ní rí ọmọ kọ́ mọ́, tí wọn kò sì mọ iṣẹ́ mìíràn. Kò pẹ́ kí iṣẹ́ olùkọ́ tó bọ́ lọ́wọ́ òun pẹ̀lú. Ó bá wọn ṣe iṣẹ́ èédú, ní ọjọ́ ogbó rẹ̀ ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ roko, ṣùgbọ́n kò fi ìwé ìrántí náà sílẹ̀. Ó ń kọ ọ́ títí di ọdún 1942 tí ó kú.